Ọjọ́ tí Ewé Òkun Gba Eyín Mi

Ọjọ́ kan wà tí mo ti gbìyànjú títí kí n gbàgbé, kò gbà. Bí mo bá ti gbé búrọ́ọ̀ṣì sẹ́nu láàárọ̀ báyìí, ó ti dé nìyẹn. Iṣẹ́ ìròyìn ni mò ń ṣe ní Accra láti ìgbà tí irun orí mi ṣì dúdú, ojú sì ti tì mí níbi púpọ̀. Èyí nìkan ni kò jẹ́ kí n sinmi.

Àdúgbò Alajo ní Accra níbí ni Bùkọ́lá dàgbà sí. Ìyá rẹ̀ ń ta ọṣẹ níbẹ̀, gbogbo àdúgbò sì ń pè é ní Mama Alata, nítorí Alata ni wọ́n ń pe ọmọ Yorùbá níbí. Ọmọ náà kàwé títí ó fi di dókítà, kì í ṣe ti abẹ́rẹ́ o, ti kẹ́míkà ni. Ewé òkun ló gbájú mọ́, ìyẹn koríko rúsúrúsú tí omi ń tú dà sí etíkun wa, tí àwọn apẹja ń ṣépè fún nítorí pé ó ń há sínú àwọ̀n wọn. Bí wọ́n bá fi sódà sè é, tí wọ́n sì sẹ́ ẹ, lẹ́búlẹ́bú kan wà tí wọ́n ń rí nínú rẹ̀. Ẹ fi ẹfun díẹ̀ sí i, ẹ po ó mọ́ omi, yóò dì bí ẹ̀kọ. Òun ni àwọn oníṣègùn eyín ń kó sí èèyàn lẹ́nu láti mọ bí eyín rẹ̀ ṣe tò.

Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ń kó wá láti òkè òkun kò bá ooru wa mu. Á ti dì kó tó dé ẹnu, tàbí kó fà ya nígbà tí wọ́n bá ń yọ ọ́. Bùkọ́lá wá fi kẹ́míkà mìíràn so mọ́ ara lẹ́búlẹ́bú náà, kó má baà tètè dì, kó sì yi dáadáa bó bá dì tán.

"Bọ̀dá, ẹ̀kọ ni tẹ́lẹ̀," ló wí fún mi. "Mo fẹ́ kó di wele."

Wele ni wọ́n ń pe pọ̀nmọ́ níbí. Gbólóhùn yẹn dùn mọ́ mi, mo kọ ọ́ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, ọ̀gá àgbà àwọn oníṣègùn eyín ní ilé ìwòsàn ńlá kan fẹ́ wá wo iṣẹ́ náà. Bó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í dán an wò lára aláìsàn. Bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, wọ́n ti sọ fún Bùkọ́lá pé kó palẹ̀ mọ́, ẹlòmíràn ń dúró de yàrá iṣẹ́ rẹ̀.

Èmi àti Kofi, ayàwòrán wa, há sínú tirotiro, ìyẹn ọkọ̀ èrò, ní oríta Circle títí ó fi rẹ̀ mí dé egungun. Nígbà tí a débẹ̀, baba oníṣègùn tí wọ́n ń retí ti jókòó. Mama Alata náà ti jókòó, ó ti wé gèlè. Ẹni tó ti gbà láti yá wọn lẹ́nu ni kò wá.

"Ẹnu ló ń fún yín ní ìyọnu?" ni mo wí. Orí mi wú. "Ẹ lo tèmi."

Bùkọ́lá wò mí. "Bọ̀dá, ṣé kò sí èyí tó ń dùn yín nínú eyín yín?"

"Kò sí."

Òótọ́ ni mo sọ. Èyí tí ì bá máa dùn mí ti lọ tipẹ́. Ọjà ẹ̀yà ọkọ̀ ní Abossey Okai ló lọ sí, níbi tí mo ti ń bi fítà kan, ìyẹn mẹkáníìkì, léèrè ọ̀rọ̀, tí spánà yọ lọ́wọ́ rẹ̀, tó bá mi níwájú ẹnu. Fítà náà ní, "Ọ̀gá, ẹ pẹ̀lẹ́, ṣùgbọ́n ẹ ti sún mọ́ iṣẹ́ jù." Mo lọ ra òmíràn, eyín àtọwọ́dá tó ní wáyà kékeré. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó pẹ́ lẹ́nu mi débi pé èmi gan-an ti kà á mọ́ tèmi.

Wọ́n po lẹ́búlẹ́bú, wọ́n kó o sínú abọ́ onírin kékeré, wọ́n tì í bọ̀ mí lẹ́nu. Ó tutù, ó sì ń rùn bí ẹja. Àṣé nítorí àlejò ni wọ́n ṣe tan ẹ̀rọ amúlétutù sílẹ̀ láti àárọ̀. Yàrá náà tutù bí ibi tí wọ́n ń kó ẹja dídì sí. Ohun tí Bùkọ́lá ṣe nítorí ooru wá bá òtútù pàdé. Kò dì.

"Ó ku díẹ̀, Bọ̀dá."

Itọ́ ń ṣàn sí mi lọ́rùn. Baba oníṣègùn ní báwo ni mo ṣe ń gbọ́ ọ lẹ́nu.

Mama Alata rẹ́rìn-ín. "Ẹ jẹ́ kó dákẹ́ lónìí. Òun ló máa ń da ìbéèrè bo èèyàn."

Fóònù mi dún nínú àpò, olóòtú wa ni. Kofi gbé e. "Ọ̀gá, kò lè sọ̀rọ̀. Rárá, kò kú."

"Ó ku díẹ̀, Bọ̀dá."

Nígbà tó dì, ó dì. Bùkọ́lá fà á, kò mira. Baba oníṣègùn wọ ìbọ̀wọ́, ó ní kí Bùkọ́lá sún sẹ́yìn. Ó fi ẹsẹ̀ tilẹ̀, ó fà. Pọ́! Abọ́ jáde, eyín iwájú mi sì dúró ṣánṣán láàárín rẹ̀.

"Ei! Awurade! Olúwa o!" Baba náà fẹ́rẹ̀ẹ́ jù ú nù. "Ó ti fa eyín rẹ̀ yọ!"

Bùkọ́lá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Baba bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ ìbọ̀wọ́. "Ọmọ mi, mi ò lè jẹ́ kí èyí wọ ẹnu aláìsàn kankan."

Mo ti fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu. Wọ́n rò pé ìrora ni. Kámẹ́rà Kofi ló wà níwájú mi, bẹ́ẹ̀ ohun tí Kofi bá mọ̀ láàárọ̀, gbogbo ọ́fíìsì á mọ̀ ọ́n kó tó di ọ̀sán.

Mama dì mí léjìká mú. "Oníròyìn! Ṣé ó dùn ọ́?"

Mo mi orí pé rárá.

"Yé! Kò lè fọhùn mọ́! Ewé ti gba ohùn rẹ̀!"

Baba ti dé ẹnu ọ̀nà. Bùkọ́lá kò sunkún, ó kàn ń wo ilẹ̀. Ìgbà náà ni mo rántí gbogbo àwọn ẹlẹ́rìí tí mo ti dúró tì rí, tí mo ń wí fún pé, "Ẹ sọ ọ́ lẹ́nu ara yín, kò sẹ́ni tí yóò fi yín rẹ́rìn-ín." Mo gbé ọwọ́ kúrò.

"Dókítà, eyín mi kọ́ nìyẹn."

Atẹ́gùn gba àlàfo náà jáde bí ìgbà tí kẹ́tùlù bá ń hó. Baba yí padà. "Eyín ta ni?"

"Mo rà á ni. Ní Circle. Lókè ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta fóònù."

Kofi ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. "Circle! Chale, ọ̀rẹ́, wọ́n ti ta ayédèrú fún ẹ!"

Baba kò kọ́kọ́ gbà. Ó ní kí n la ẹnu, ó tan iná sí i, ó fi ìka tẹ erìgì mi. "Ó ti jinná tipẹ́," ló wí. Ó wá gbé abọ́ náà lọ sójú fèrèsé, ó ń yí i síbí, ó ń yí i sọ́hùn-ún. "Wáyà gan-an, ojú rẹ̀ hàn níbí. Kò sì ya." Ó yíjú sí Bùkọ́lá. "Gbé e wá sí ọ́fíìsì mi. Kí o sì kọ ọ́ sí ìlànà rẹ̀ pé kí wọ́n pa ẹ̀rọ amúlétutù, kí wọ́n sì bi èèyàn bóyá tirẹ̀ ni gbogbo eyín rẹ̀."

Mama Alata gbá mi mọ́ra, ó gba eyín náà, ó jáde. Nígbà tó padà, ó ní, "Mo ti bá ọ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́." Ọṣẹ ni mo ń tọ́ wò títí mo fi délé.

Ìròyìn náà jáde. Àwòrán tí Kofi yà kò sí nínú rẹ̀, ara ògiri ọ́fíìsì wa ló wà, tòun ti ọwọ́ méjèèjì mi lẹ́nu. Bùkọ́lá ṣì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ nínú yàrá yẹn. Ó da ẹfun sínú abọ́ ọjọ́ náà, ó fi ṣe ẹnu mi, ó gbé e sórí pẹpẹ rẹ̀. Mama kì í kọjá níbẹ̀ kó má kí i: "Oníròyìn, ṣé dáadáa ni?"

Láti ọjọ́ náà, bí mo bá bi ẹlẹ́rìí ní ìbéèrè tó sì dákẹ́, n kì í yọ ọ́ lẹ́nu mọ́. Mo máa ń jókòó, mo máa ń dúró dè é, nítorí mo mọ bí ọ̀rọ̀ kan ṣe ń wúwo kó tó jáde. Ìgbà mìíràn, mo máa ń rántí fítà Abossey Okai, ẹ̀rín á sì pa mí. Mo máa ń rọra rín in ni, kí wáyà náà má baà yọ.