Bí Mo Ṣe Fi Gẹ̀ẹ́sì Dá Ọjọ́ fún Bàbá Ṣítù

Ọjọ́ kan ń bẹ láyé mi tí mo ti sapá títí láti gbàgbé, ṣùgbọ́n ọjọ́ náà kọ̀, kò gbàgbé mi. Bí mo bá jẹun yó, tí mo nà sórí ẹní, tí ara ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ tù mí, ìgbà náà gan-an ló máa ń yọjú, tí màá dìde jókòó, tí màá forí lé ọwọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́, kí ẹ bá mi gbé díẹ̀ nínú ẹrù rẹ̀.

Nígbà náà, ọkọ̀ ojú irin kò tíì pẹ́ tó dé Ẹdẹ. Àwọn ènìyàn ṣì máa ń pa iṣẹ́ tì láti jáde wò ó bó bá ń kọjá. Mo ti di géńdé, irùngbọ̀n ti ń hù lágbọ̀n mi, síbẹ̀ mo ṣì ń jókòó láàárín àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ nílé ìwé oníṣọ́ọ̀ṣì, nítorí oko Alájùẹ ni mo ti dàgbà kí bàbá mi tó kú, kí ìyá mi tó fà mí wá sílé. Aró ni ìyá mi ń rẹ, ọwọ́ wọn dúdú dé ìgbọ̀nwọ́. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n ń bẹ Ọlọ́run fún: kí n di tíṣà kékeré, irú èyí tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní a, b, d, kí n má padà sídìí ọkọ́ tó pa bàbá mi. Àyè iṣẹ́ náà sì ṣí sílẹ̀. Tíṣà àgbà wa, ọmọ Abẹ́òkúta kan tí kì í bọ́ kóòtù bó ti wù kí oòrùn mú tó, sọ fún mi pé òyìnbó tó máa ń yẹ ilé ìwé wò ń bọ̀ nígbà ọyẹ́. Bí mo bá fi Gẹ̀ẹ́sì tó jinlẹ̀ dá a lóhùn, iṣẹ́ di tèmi.

Gẹ̀ẹ́sì tó jinlẹ̀ lójú Tíṣà ni ọ̀nà ìsọ̀rọ̀ kan tí àwa ọmọ ilé ìwé ń pè ní wíìlì-háfù-bíìnì. Gbogbo ìgbà òjò ló fi ń yọ mí lẹ́nu. Ẹ wò ó báyìí: o dúró sínú òní, o fi ọkàn gun orí òkè ọjọ́ kan tí kò tíì dé. O dé orí rẹ̀ tán, o wá bojú wẹ̀yìn, o rí ẹnì kan tó ti ń roko bọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, tí kò sì tíì sọ ọkọ́ sílẹ̀. Ohun tí o rí yẹn ni kí o wá sọ.

Mo ní, "Tíṣà, ta ló rán mi lọ sórí òkè náà?"

Wọ́n ní, "Gírámà ni."

"Bí mi ò bá wá débẹ̀ ńkọ́, sà?"

Wọ́n wo pàṣán tó wà lórí tábìlì. Èmi náà wò ó. Mo gba gírámà gbọ́.

Nígbà tí òyìnbó dé, a gbé ìjókòó sábẹ́ igi odán iwájú ilé ìwé. Àwọn òbí wá, ìyá mi wà láàárín àwọn obìnrin. Bàbá Ṣítù wà níwájú pátápátá. Àwọn ni olórí agboolé tó ni ilẹ̀ tí ilé ìwé wà lórí rẹ̀. Mùsùlùmí ni wọ́n, ṣùgbọ́n àwọn ló fún àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì nílẹ̀, wọ́n ní ibi tí ọmọdé bá ti ń pariwo, ejò kì í gbé ibẹ̀. Láti ìgbà náà, kò sí ẹni tó di tíṣà níbẹ̀ àfi bí Bàbá bá mi orí sí i.

Òyìnbó bi mí léèrè. Mo dìde. Mo rò ó pé kí n fi ọ̀rọ̀ náà bu ọlá fún àgbà, ni mo bá kọjú sí Bàbá Ṣítù, mo da Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀ bí ẹni da ọkà sí àwo. Òyìnbó fọwọ́ lu itan. Inú Tíṣà dùn débi pé wọ́n tú bọ́tìnnì kóòtù kan. Ká ní mo jókòó nígbà yẹn, mi ò bá má ní ìtàn kankan láti sọ fún yín.

Bàbá Ṣítù ní, "Mo gbọ́ orúkọ mi níbẹ̀. Kí ló sọ?"

Tíṣà ní kí n túmọ̀ rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀, mo dìde. "Bàbá, mo ní bí iṣu tuntun bá fi máa jáde, ẹ̀yin á ti máa ṣe olórí agboolé yín bọ̀ láti ogún ọdún."

"Ta ló kà á?"

"Èmi ni, bàbá."

"O ka ọdún mi láàárín ọjà. Kò burú. Bí Ọlọ́run bá fẹ́ ńkọ́? Mi ò gbọ́ ọ nínú rẹ̀."

"Kò sí níbẹ̀, bàbá. Wọn ò ṣe àyè fún un."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Iṣu tuntun jáde, mo ṣì ń ṣe olórí bọ̀. Lẹ́yìn iṣu tuntun wá ńkọ́?"

Mo ronú sí i dáadáa, nítorí mo fẹ́ dáhùn bí ọ̀mọ̀wé. Mo ní, "Gẹ̀ẹ́sì náà dúró síbẹ̀, bàbá."

Mo rí ìyá mi tí wọ́n gbé ọwọ́ aláró méjèèjì lérí. Ó yẹ kí n dákẹ́, àbí? Ṣùgbọ́n ẹni tó ń rì kì í sinmi, ṣe ló máa ń japá. Mo ní kí n fi òmíràn tún un ṣe. "Bàbá, ẹ má bínú, a lè fi sọ ọ̀rọ̀ ìsinmi náà. Bí àwa bá fi máa ti oko dé, ẹ̀yin á ti máa sùn bọ̀ láti àárọ̀, ẹnikẹ́ni ò sì ní jí yín."

Ọkùnrin kan láti ẹ̀yìn ní, "Ẹ gba ẹnu lọ́wọ́ ọmọ yìí."

Òyìnbó rò pé ìyìn ni wọ́n ń yìn mí. Ó ní kí n fún òun ní ẹyọ kan sí i. Ọ̀rọ̀ ti dàrú mọ́ mi lójú, mi ò rí ẹlòmíràn tí mo lè lò bí kò ṣe ìyàwó Tíṣà tí wọ́n jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan. Gbogbo ìlú ló mọ̀ pé oyún wà níkùn wọn, ẹnikẹ́ni kò sì tíì fẹnu kàn án, torí a kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Èmi là á ní Gẹ̀ẹ́sì, mo tún là á ní Yorùbá: kí ọyẹ́ míì tó dé, ọmọ wọn á ti máa rá kiri bọ̀ láti ìgbà díẹ̀. Ìyàwó Tíṣà fi ìborùn bo ikùn, wọ́n wọlé lọ. Tíṣà de bọ́tìnnì wọn padà.

Bàbá Ṣítù dìde. Wọ́n ní, "Òyìnbó ní ó yege. Èmi náà ò ní kó má yege. Ẹ jẹ́ ká dúró de iṣu tuntun. Bí mo bá wà níbẹ̀ bó ṣe wí, kó wá gba iṣẹ́ rẹ̀. Bí mi ò bá sí níbẹ̀, ẹ ti mọ ẹni tẹ́ ẹ máa bi."

Nígbà tí a délé, ìyá mi ò nà mí, wọn ò bú mi. Wọ́n kàn ní, "Bàbá yẹn ò gbọdọ̀ kú."

Báyìí ni mo ṣe di olùtọ́jú Bàbá Ṣítù. Mo ń pọn omi fún wọn láti odò Ọ̀ṣun. Mo ń la igi. Bí wọ́n bá sín, èmi ni àyà mi ń já. Àgbàlagbà náà sì tètè mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí.

"Ọ̀fun ń yún mi," ni wọ́n á wí. "Ó dà bíi pé òkété ló máa ń dá irú rẹ̀ dúró."

"Bàbá, ibo ni mo ti fẹ́ rí òkété báyìí?"

"Fi í sílẹ̀, ọmọ mi. Ikú kì í ṣe ohun tuntun. Ìwọ ni mo ń ṣàánú."

Ni màá bá gbéra lọ sí Alájùẹ, lọ gbẹ́ ilẹ̀ títí èékánná mi á fi ya.

Ìlú ò sì ràn mí lọ́wọ́. Àwọn ìyá ń fa ọmọ wọn wọlé bí wọ́n bá rí mi, kí n má baà dárúkọ wọn. Bàbá arúgbó kan pàdé mi lọ́nà Sẹ́kọnà, wọ́n yà sínú igbó títí mo fi kọjá. Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, ibà mú Bàbá Ṣítù, wọn ò lè jókòó. Àwọn tó ń kọjá ò bi mí pé báwo ni ara wọn. Ohun tí wọ́n ń bi mí ni pé, "Ṣé ó ku díẹ̀?" Mo gbàdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì títí ohùn mi fi ha. Lọ́jọ́ Jímọ̀, mo lọ dúró sẹ́yìn ògiri mọ́ṣáláṣí, mo ń bá wọn ṣe àmín. Mo ti gbà lọ́kàn mi pé mo ti fi ẹnu mi pa ènìyàn. Mi ò jẹun mọ́. Ìyá mi jókòó ti ìkòkò aró, wọn ò rẹ nǹkan kan sínú rẹ̀.

Ibà lọ. Iṣu tuntun jáde. Ọjọ́ tí wọ́n máa jẹ ẹ́, àwọn ènìyàn kún ọ̀dẹ̀dẹ̀ Bàbá bí ẹni wá wo ìdájọ́, Tíṣà náà wà níbẹ̀. Bàbá bu òkèlè iyán àkọ́kọ́, wọ́n gbé e mì, ó há. Ojú wọn yọ. Gbogbo ènìyàn yíjú sí mi. Mi ò mọ ìgbà tí mo fò dìde, mo gbá àgbàlagbà náà lẹ́yìn gbì níṣojú ìdílé wọn, fìlà wọn fò bọ́ sínú ọbẹ̀. Òkèlè sọ̀. Wọ́n mu omi, wọ́n nu ẹnu.

"Mo wà níbẹ̀ bó ṣe wí," ni wọ́n wí. "Ẹ fún un ní iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kó tó lọ, kó tún un sọ. Kó gbé e jìnnà díẹ̀ sí i lọ́tẹ̀ yìí."

Mo dọ̀bálẹ̀, mo tún un sọ. Mo fi bí Ọlọ́run bá fẹ́ síwájú, mo fi sáàárín, mo fi sẹ́yìn.

Tíṣà sọ sí mi létí pé, "Gẹ̀ẹ́sì ò gbà bẹ́ẹ̀."

Mo ní, "Sà, Bàbá ló gbà bẹ́ẹ̀."

Mo ríṣẹ́ náà, mo sì ṣe é pẹ́. Ṣùgbọ́n láti ọdún náà, ní gbogbo ìgbà iṣu tuntun, Bàbá Ṣítù á ránṣẹ́ sí mi láti wá sún ọjọ́ wọn síwájú. Nígbà tó yá, àwọn àgbà àdúgbò yòókù náà bẹ̀rẹ̀ sí tò sẹ́yìn wọn. Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ kò ju báyìí lọ: ọ̀la ní Ẹni tó ni ín, kò sì dára kí ènìyàn lọ jókòó lórí rẹ̀ láìkí onílé. Nítorí náà, bí mo bá ń kọ́ àwọn ọmọ ní ọ̀nà ìsọ̀rọ̀ yẹn, mi ò lo ènìyàn mọ́, ewúrẹ́ ni mo ń lò. Mo rò pé mo ti bọ́, títí ìyá kan fi wá dúró lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì mi ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ojú wọn pọ́n.

Wọ́n ní, "Tíṣà, ẹ dákun, ewúrẹ́ ta lẹ ní lọ́kàn?"

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Mi ò lè fi gbogbo ẹnu sọ pé ẹ̀rín nìkan ni.