Rọ́bà Tí Japheth Fẹ́ Jù Nù

Ọ̀sán Sátidé ni, níbi ìgbọ́kọ̀sí ilé kan ní Thamesmead. Ọjọ́ Ajé ni ọkọ̀ Auntie Ọlábímpé ń lọ fún MOT, àyẹ̀wò ọdọọdún. Bí kò bá pàsì, kò sí ohun tí yóò gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn arúgbó tó ń tọ́jú káàkiri Woolwich. Páìpù tí ẹ́ńjìnnì fi ń mí ti là, ó sì ní kí Japheth, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Èkó dé, bá òun pààrọ̀ rẹ̀. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀ wá wò ó, páìpù fàdákà tó ki bí itan màlúù ló bá lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, rọ́bà dúdú kan sì ń mì dirodiro lọ́wọ́ Japheth.

"Japheth, kí nìyẹn?"

"Ẹ má da ara yín láàmú, Auntie. Èyí tí a ò nílò ni."

"Ta ni 'a'?"

"Èmi àti ọkọ̀."

"Ọkọ̀ ta ni?"

"Tiyín, ma. Ṣùgbọ́n performance ni mo ń wá! Tẹ́ ẹ bá tẹná báyìí, gbogbo Powis Street á mọ̀ pé ẹ ń bọ̀."

"Arúgbó tí mo fẹ́ lọ wẹ̀ nìkan ni mo fẹ́ kó mọ̀. Kí ni iṣẹ́ rọ́bà yẹn?"

"Èéfín tó bá ṣẹ́ kù ló ń gbé padà sínú ẹ́ńjìnnì, kó lè jóná tán."

"Tí kò bá sí ńkọ́?"

"Á kàn gba ojú ọ̀run lọ. Pẹ̀lú òórùn irà Crossness yìí, ta ló máa mọ̀?"

"Ẹ̀rọ àyẹ̀wò ni wọ́n máa tì bọ ìdí ọkọ̀. Ẹ̀rọ ò gbọ́ òórùn irà. Dá a padà!"

"Auntie, ọ̀gá tó kọ́ mi ní mẹkáníìkì ní Mushin kì í fi rọ́bà yìí sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ẹnikẹ́ni. Ó ní tìtorí òtútù ni òyìnbó ṣe fi í sí i."

Auntie Ọlábímpé fa fìlà bo etí.

"Japheth, ibo la wà yìí?"

"Thamesmead, ma."

"Kí ló wà lọ́rùn rẹ?"

"Sikáàfù."

"Lábẹ́ rẹ̀ ńkọ́?"

"Sikáàfù kejì."

"Ó dáa. Wọ ti ọkọ̀ náà fún un."

Japheth yí páìpù tuntun náà síwá, ó yí i sẹ́yìn.

"Kò síhò tí rọ́bà lè wọ̀ lára èyí. Ẹ jẹ́ ká dí ẹnu ibi tí rọ́bà náà ti jáde, ká gbàdúrà sí i. Àbí ìgbàgbọ́ yín ò gbé e ni?"

"Ìgbàgbọ́! Nóà náà nígbàgbọ́, síbẹ̀ ó fi ọ̀dà kun ọkọ̀ tirẹ̀ nínú àti lóde. Kò fi ihò sílẹ̀ pé Ọlọ́run á dí i. Ó sì dá mi lójú pé ọmọ rẹ̀ tí ìwọ ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ló gbé garawa ọ̀dà."

"Bíbélì ò sọ bẹ́ẹ̀, ma."

"Bíbélì ò sì sọ pé ó ń jiyàn."

Japheth mí kanlẹ̀. Ó gbé ẹ̀rọ ìluhò, ó lu ihò sí páìpù, ó ki rọ́bà bọ̀ ọ́, ó fi sípánà fún un pinpin. Auntie dúró tì í títí tó fi ṣe tán, ó ń kọ orin ẹ̀mí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ajé, Auntie Ọlábímpé wa ọkọ̀ náà padà dé. Japheth ti ń jẹ èékánná lẹ́nu ọ̀nà.

"Ó pàsì, Auntie?"

"Ó féèlì."

Japheth dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí sìmẹ́ńtì.

"Mo gbé! Ihò tí mo lu ni!"

"Dìde jàre. Òyìnbó tó yẹ ọkọ̀ wò yin ihò rẹ. Ó ní èéfín mi mọ́ bí ọkàn ọmọ tuntun. Sítíkà tí mo lẹ̀ mọ́ gíláàsì iwájú ló féèlì. Ó ní ó dí awakọ̀ lójú. Tètè mú ọ̀bẹ wá ká ha á kúrò, ká padà lọ kí wọ́n tó ti ṣọ́ọ̀bù."

"Sítíkà wo?"

"'Jésù Ni Awakọ̀ Mi.'"

Japheth dìde fùú.

"Ẹ ò sọ fún un pé Awakọ̀ yẹn ò nílò gíláàsì kó tó ríran?"

"Mo sọ fún un. Ó ní kó mú láísẹ́ǹsì Rẹ̀ wá."