Ọ̀kadà Mùráínà àti Odó Ìyá Kàmílà

Ṣé ẹ mọ ibi tí àwọn àgbà ti mú ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa ń sọ pé ẹsẹ̀ ẹni la fi ń wọn ọ̀kadà, kì í ṣe ẹnu ará gáréèjì? Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ẹ kàn ń pa á kiri bí ẹni ń jẹ ẹ̀pà ni. Ẹlòmíì á tilẹ̀ ní ọ̀kadà ò tíì pẹ́ dé, pé báwo ni àgbà ṣe máa fi pa òwe. Ṣé àgbà kì í gun ọ̀kadà ni? Ẹ jókòó dáadáa. Ẹ̀yin ọkùnrin tó wà lẹ́yìn yẹn, ẹ sún síwájú, torí ẹ̀yin gan-an lọ̀rọ̀ yìí ń bá wí.

Ní ìlú Àgbọ̀nlá, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Mùráínà. Iṣẹ́ ọ̀kadà ló ń ṣe. Èèyàn dáadáa ni, kì í jalè, kì í mutí, ó sì fẹ́ràn ìyàwó rẹ̀. Àmọ́ ó kúrú. Mi ò bú u o, òótọ́ ni mo sọ. Ọlọ́run ló dá a bẹ́ẹ̀, kò sì sí ohun tó burú níbẹ̀. Ohun tó burú ni pé òun fúnra rẹ̀ kì í rántí.

Ṣìfáwù, ìyá Kàmílà, ni ìyàwó rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ló wà lọ́kàn obìnrin yìí. Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ sọ Kàmílà, àkọ́bí wọn, lórúkọ, ògbólógbòó ọ̀kadà Mùráínà kú sáàárín igbó pẹ̀lú ìyá Ṣìfáwù lórí rẹ̀. Kí ìyá tó fẹsẹ̀ rìn dé, wọ́n ti sọ ọmọ lórúkọ, wọ́n ti jẹun, wọ́n tilẹ̀ ti ń fọ abọ́. Ìyá Ọ̀dàn ni wọ́n ń pe ìyá yìí, torí abúlé Ọ̀dàn ló ń gbé. Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó kàn gbé ọmọ, ó wò ó, ó ní, "Orúkọ tí mo gbé bọ̀ ò rí orí bà lé mọ́. Kò burú. Ṣùgbọ́n bí irú ẹ̀ bá tún ṣẹlẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má pè mí ní ìyá ìyàwó mọ́." Ó sì padà sílé láìfẹnu kan omi.

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Ṣìfáwù lára dé egungun. Nítorí náà, nígbà tó tún lóyún, tí ọ̀kadà àtijọ́ ti di ibi tí adìyẹ ń yé ẹyin sí, tí Mùráínà wá ní òun fẹ́ ra tuntun, inú rẹ̀ dùn débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jó.

"Bàbá Kàmílà," ó ní, "ohun kan ni mo ń bẹ̀ yín. Tẹ́ ẹ bá dé ṣọ́ọ̀bù, ẹ jókòó lé e. Ẹ na ẹsẹ̀ yín méjèèjì. Èyí tí ẹsẹ̀ yín bá ti kanlẹ̀, òun ni kẹ́ ẹ rà."

"Ìyá Kàmílà, kí lobìnrin mọ̀ nípa ọ̀kadà?"

"Mo mọ ẹsẹ̀ yín."

Ǹjẹ́ ó gbọ́? Kàkà kó gba ṣọ́ọ̀bù lọ, gáréèjì ló kọ́kọ́ yà sí. Ẹ sì mọ àwọn ará gáréèjì. Tẹ́ ẹ bá béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ wọn, wọ́n á bá yín yan ìyàwó mọ́ ọn. Kí Mùráínà tó sọ̀rọ̀ tán, wọ́n ti yí i ká.

"Fèrè ni kó o kọ́kọ́ wò!" Sùbérù pariwo. "Ọ̀kadà tí fèrè rẹ̀ ò lè lé màlúù kúrò lọ́nà, kẹ̀kẹ́ ọmọdé ni!"

"Irọ́ ni, epo ni kó wò! Èyí tó bá ń fa epo bí ọ̀mùtí, kó sá fún un!"

"Ìjókòó ńkọ́? Kó gùn, kó lè gba ìyá, ọmọ, àti ewúrẹ́ wọn!"

"Pupa ni kó rà o! Èrò kì í dá dúdú dúró!"

Ni Lásísì, alága wọn, bá dìde. Ọkùnrin yìí ga débi pé tó bá fẹ́ wọlé, àfi kó kọ́kọ́ tẹrí ba fún àtẹ́rígbà.

"Ẹ dákẹ́," ó ní. "Gíga ni ọ̀kadà! Èyí tó bá ga ò mọ ẹrẹ̀, kò mọ kòtò, kò mọ òkúta. Ọkùnrin tó gun ọ̀kadà kúkúrú, kí ni ìyàtọ̀ òun àti ẹni tó jókòó sórí àpótí ìdáná?"

Ariwo sọ. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Mùráínà náà pàtẹ́wọ́. Ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni kálukú ń sọ̀rọ̀ fún. Kò sẹ́ni tó bojú wo ẹsẹ̀ Mùráínà.

Ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n gbé ọ̀kadà gíga kan dúró lẹ́bàá àtẹ̀gùn. Orí àtẹ̀gùn yẹn ni Mùráínà ti gbé ẹsẹ̀ sókè tó gùn ún. Ó jókòó. Ó di ọwọ́ ọ̀kadà mú. Ó wo iwájú bí ọba tó ń wo oko. Kò wo ìsàlẹ̀. Ó ní, "Òun ni mo fẹ́!" Lásísì, tó bá a lọ, ló gùn ún wálé fún un, Mùráínà wà lẹ́yìn, ó ń rẹ́rìn-ín sáfẹ́fẹ́.

Gbogbo àdúgbò tú jáde. Ọ̀kadà pupa, ìjókòó gígùn, fèrè tó ń ké bí ẹranko, ihò èéfín tó ń dún bí ààrá! Àwọn ọmọdé ń fò sókè. Ṣìfáwù gbé oyún rẹ̀ jáde, ó yí i po. Ó wo ìjókòó. Ó wo ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀.

"Bàbá Kàmílà, ẹ gùn ún ká rí yín."

Mùráínà gùn ún bí ọmọdé ṣe ń gun igi máńgòrò. Nígbà tó jókòó tán, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń fì dirodiro.

"Ẹsẹ̀ yín dà?"

"Ó wà lára mi."

"Ilẹ̀ ńkọ́?"

"Ilẹ̀ ò lọ síbì kankan. Orí ọ̀kadà ni mo fẹ́ wà, kì í ṣe ilẹ̀."

Bó ṣe sọ ọ́ tán báyìí ni ọ̀kadà rọra bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ sápá òsì, tòun tọ̀gá rẹ̀, gbì! sínú èlùbọ́ tí ìyá ilé kejì sá. Mùráínà dìde, ó funfun bí ẹni tí wọ́n fi ẹfun kùn.

"Ẹ dá a padà," Ṣìfáwù sọ.

"Kí ará gáréèjì wá fi mí ṣe yẹ̀yẹ́?"

Ẹ ò rí i? Ẹ̀rù ẹ̀sín ò jẹ́ kó ráyè bẹ̀rù ikú. Ó wá dá ọgbọ́n. Odó ńlá kan wà tí Ṣìfáwù máa ń lò. Mùráínà gbé e síwájú ilé, ó dojú rẹ̀ bolẹ̀. Tó bá ń bọ̀, á rọra sún mọ́ ọn, á gbé ẹsẹ̀ òsì lé ìdí odó, ọ̀kadà á sì dúró. Tó bá wọ ìgboro, kùkùté igi tó wà lẹ́nu ọjà, pèpéle ilé alágbẹ̀dẹ, òkúta ẹ̀bá odò, ó mọ gbogbo wọn bí ẹni mọ ẹbí rẹ̀. Èrò á ní, "Mo ti dé o, dúró níbí." Á ní, "Níbí kẹ̀? Ó di kùkùté!" Aláìsàn tó ń lọ sílé ìwòsàn, ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ ló já a sí.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe wà títí Ṣìfáwù fi bí ọkùnrin làǹtìlanti. Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ pé. Àáfà ti kìlọ̀ pé òun ní òmíràn tí òun máa lọ ṣe nílùú kejì, pé òun ò ní dúró pẹ́. Mùráínà dìde láàárọ̀ kùtù, ó gba Ọ̀dàn lọ mú ìyá ìyàwó rẹ̀. Pèpéle wà níwájú ilé ìyá, nítorí náà ó dúró wẹ́rẹ́, ìyá gun ọ̀kadà wẹ́rẹ́, wọ́n gbéra. Ọ̀kadà yìí ò kú sínú igbó o. Ó ń fò ni!

Àmọ́ nílé, àwọn obìnrin ẹbí ti dé láti gún iyán. Odó ẹ̀yìnkùlé ò tó wọn. Ìyàwó àbúrò Mùráínà yọjú síwájú ilé, ó rí odó ńlá tó dojú bolẹ̀.

"Ẹ wo odó dáadáa tí wọ́n pa tì báyìí! Ta ló ṣe irú ọ̀lẹ yìí?"

Wọ́n yí i lọ sẹ́yìnkùlé, wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n da iṣu gbígbóná sí i. Ṣìfáwù wà nínú yàrá pẹ̀lú ọmọ, kò mọ nǹkan kan.

Kò pẹ́ ni wọ́n gbọ́ ààrá lọ́ọ̀ọ́kán. "Màmá mi dé!" Ṣìfáwù gbé ọmọ sáré jáde. Ìyá Ọ̀dàn náà nìyẹn lẹ́yìn Mùráínà, ìborùn rẹ̀ ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Mùráínà dín eré kù, ó tún dín in kù, ó na ẹsẹ̀ òsì. Afẹ́fẹ́. Ó tún nà án. Ọ̀kadà bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀, ìyá figbe ta, Mùráínà yáa fún un níná, wọ́n sì kọjá fìrì!

"Odó dà?" ló pariwo bó ti ń lọ.

Àwọn àlejò wo ara wọn. "Kí ló wí?"

"Odó ló ń béèrè."

"Wọn ò tíì sọ ọmọ lórúkọ, iyán lọkùnrin yìí ń béèrè!"

"Ebi ọ̀nà Ọ̀dàn ni," arúgbó kan bá a kẹ́dùn. "Ẹ bu díẹ̀ sílẹ̀ dè é."

Kùkùté ẹnu ọjà jìnnà, Àáfà sì ń kánjú, ni Mùráínà bá yí ilé po, ó tún yọ. Lọ́tẹ̀ yìí, ó tẹ fèrè kí èèyàn lè yà. Fèrè tó ń lé màlúù, ẹ rántí! Àgbò ìkómọ já okùn, ó fo ẹní Àáfà kọjá, ó da omi àlùwàlá inú kẹ́tù sí i lẹ́sẹ̀, ó gba àárín àwọn àga lọ.

"Ẹ gbé odó wá!" Mùráínà ń sunkún. "Ẹ má gún un mọ́, ẹ gbé e wá!"

Lásísì dìde láàárín àwọn àlejò, ó ká apá aṣọ rẹ̀. "Ọmọ ẹgbẹ́ wa ni. Ẹ fi í lé wa lọ́wọ́." Ó dúró sáàárín ọ̀nà, ó na ọwọ́ méjèèjì bí igi òrùlé. Nígbà tó rí bí ọ̀kadà ṣe ń bọ̀, ó rántí pé òun lọ́mọ nílé, ó bẹ́ sínú gọ́tà. Sùbérù ní òun ò ní sá ní tòun. Ó rọ̀ mọ́ irin ẹ̀yìn ọ̀kadà bó ti ń kọjá. Ọ̀kadà wọ́ ọ lọ, igi ọgbà gba ṣòkòtò lára rẹ̀, Sùbérù fi fìlà bo ohun tó kù, ó sá wọlé.

Àáfà wo oòrùn. Ó ká ẹní rẹ̀. "Ìyá Kàmílà, wọ́n ń retí mi níbòmíì. Bí ìyá yín bá tún ń kọjá, kí wọ́n sọ orúkọ náà sílẹ̀, màá he e."

Ṣìfáwù sáré jáde sẹ́bàá ọ̀nà. Ojú ìyá rẹ̀ lọ́jọ́ Kàmílà ló yọ sí i. "Màmá! Ẹ pe orúkọ ọmọ!"

Ìyá Ọ̀dàn fèsì bí wọ́n ti ń kọjá: "A kì í ju orúkọ ọmọ bí òkò! Ẹ dá ẹran búburú yìí dúró!"

Àáfà ti wọ bàtà ẹsẹ̀ kan. Ṣìfáwù fi ọmọ lé àbúrò ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́, ó ta ìró rẹ̀ ní kókó, ó sáré dé ẹ̀yìnkùlé.

"Ẹ sọ ọmọ odó sílẹ̀! Ẹ bá mi gbé e!"

"Ìyá Kàmílà, iyán ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kúnná!"

"Ẹ gbé e tòun tiyán!"

Àwọn obìnrin gbé odó lọ́gbẹ̀ẹ́gbẹ́, èéfín ń rú lórí rẹ̀, wọ́n gbé e kalẹ̀ sí ààyè rẹ̀. Wọn ò ráyè dojú rẹ̀ bolẹ̀. Mùráínà yọ, ó rí odó, inú rẹ̀ dùn bí ọmọ tó rí ìyá rẹ̀ lọ́jà. Kò wo inú rẹ̀. Nígbà wo ni Mùráínà wo ìsàlẹ̀ rí? Ó dín eré kù, ó na ẹsẹ̀ òsì, ó sì fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́.

Ẹsẹ̀ wọ inú iyán gbígbóná dé orúnkún.

"YÉÈ!"

Ọ̀kadà dúró. Ó dúró gbagidi! Mùráínà ò lè yọ ẹsẹ̀, torí bó bá yọ ọ́, ìyá ìyàwó rẹ̀ á ṣubú. Ó wà níbẹ̀, ó la ẹnu sílẹ̀, omi ń dà lójú rẹ̀, títí àwọn obìnrin fi gbé Ìyá Ọ̀dàn sọ̀ kalẹ̀ jẹ́jẹ́.

Ìyá ò kánjú. Ó tún ìborùn rẹ̀ fi, ó gba ọmọ, ó wo Àáfà. "Bọ́ bàtà rẹ."

Àáfà bọ́ ọ.

"Àlàmú lorúkọ tí mo mú láti ilé. Ẹ fi Dúródọlá kún un, torí mo ti pe 'dúró' lójú ọ̀nà ju bí mo ṣe pe Ọlọ́run lọ."

Wọ́n sọ ọmọ lórúkọ, ìyá gbé e lọ́wọ́ ara rẹ̀. Ṣìfáwù rẹ́rìn-ín, ó sunkún, ó tún rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni ìyá yíjú sí àna rẹ̀ tó ṣì wà nínú odó.

"Mùráínà, àwọn wo ló bá ọ yan ọ̀kadà yìí?"

Ó nàka sí gọ́tà.

"Ẹsẹ̀ ta ló wà nínú iyán?"

"Tèmi ni, Màmá."

"Kò sí ti alága níbẹ̀?"

"Kò sí, Màmá."

Ṣìfáwù ò jẹ́ kí ìyá rẹ̀ parí i. Ó ti gbé ọ̀rọ̀ yìí sínú láti ọjọ́ ṣọ́ọ̀bù. "Ẹ gbọ́, gbogbo ayé! Ẹsẹ̀ ẹni la fi ń wọn ọ̀kadà, kì í ṣe ẹnu ará gáréèjì!"

Ariwo ẹ̀rín ta dé ọjà. Lásísì pàápàá rẹ́rìn-ín láti inú gọ́tà. Òun náà ló ra ọ̀kadà gíga yẹn lọ́wọ́ Mùráínà lọ́sẹ̀ náà. Mùráínà ra kúkúrú kan, dúdú, fèrè rẹ̀ ò lè lé adìyẹ, ṣùgbọ́n ó ń dúró síbi tí èrò bá ní kó dúró. Iyán odó yẹn, kò sẹ́ni tó jẹ ẹ́, àfi Sùbérù, tó ní lójú òun, ẹni tí ṣòkòtò rẹ̀ wà lórí igi ọgbà ò tún ní ìtìjú kankan mọ́.

Ẹ̀yin náà, tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra ọ̀kadà lọ́la, ẹ yà ní gáréèjì o. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wí, ẹnu wọn ni. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó gbé e kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ wo ìsàlẹ̀, kẹ́ ẹ sì rántí bí iyán ṣe gbóná tó: ẹsẹ̀ ẹni la fi ń wọn ọ̀kadà, kì í ṣe ẹnu ará gáréèjì.