Ọ̀yà Mẹ́ta Tí Ìgbìmọ̀ Fi Dán Olùkọ́ Wò

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé, "Ẹni tí yóò dán ọmọnìkejì wò, kó kọ́kọ́ jẹun yó"? Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ẹ kàn ń gbọ́ ọ lẹ́nu èèyàn, ẹ̀yin náà ń tún un sọ. Ẹ jókòó dáadáa. Ọ̀rọ̀ náà kò gùn, ṣùgbọ́n ó ń rẹ èèyàn, nítorí ìpàdé ló pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Sàráyì tó ń gbálẹ̀ ọ́fíìsì ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn onígbàgbọ́ tó wà ní Òkè-Ayùn ló kọ́kọ́ mú ìròyìn náà wá bá Morádékẹ́. Opó ni Morádékẹ́. Ẹran ìgbẹ́ ló ń tà létí títì, ìdí nìyẹn tí gbogbo ayé fi ń pè é ní Ìyá Ọlọ́yà. Ó ń yí ọ̀yà lórí iná lọ́wọ́ nígbà tí Sàráyì sáré dé.

"Ìyá Ọlọ́yà, wọ́n fẹ́ lé Olùkọ́ Adégoróyè lọ o! Ìparí oṣù yìí ni."

"Kí ló ṣe?"

"Kò ṣe nǹkan kan. Mo ń nu tábìlì ni mo gbọ́. Wọ́n ní kò tíì yege nínú ìdánwò."

Morádékẹ́ mí kanlẹ̀. Ó mọ̀ pé ìpàdé tún ti dé nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ìpàdé ṣe kan ẹlẹ́ran ìgbẹ́. Ọkọ rẹ̀ ló fún kọ́lẹ́ẹ̀jì ní ilẹ̀ tí wọ́n kọ́lé sí. Wọ́n wá kọ ọ́ sínú ìwé òfin wọn pé ìdílé onílẹ̀ yóò ní àga kan nínú ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso ilé-ẹ̀kọ́. Nígbà tí ọkọ kú, ẹbí pín kẹ̀kẹ́, wọ́n pín oko kòkó, wọ́n pín agbádá. Àga ìgbìmọ̀ nìkan ni kò sẹ́ni tó jà sí. Òun ni wọ́n gbé fún opó. Ó ti di ọdún mẹ́fà. Ọdún mẹ́fà tó ń jókòó sórí àga onígi, tí wọ́n ń kọ orin mẹ́ta kí wọ́n tó ṣí ìpàdé, tí wọ́n ń kọ méjì kí wọ́n tó pa á dé, tí iná ń kú lábẹ́ ẹran rẹ̀ nílé.

Ìwé tó mọ̀ kò ju orúkọ rẹ̀ àti iye tó wà lára owó lọ. Bí wọ́n bá fi ìwé ìpàdé ránṣẹ́, Olùkọ́ Adégoróyè ló máa ń wá kà á fún un létí iná, kò sì gba kọ́bọ̀ rí. Ìṣirò ni ọkùnrin náà ń kọ́ àwọn ọmọ. Ó tín-ín-rín bí igi ìṣáná. Ìyàwó rẹ̀ wà nínú oyún oṣù mẹ́jọ, nínú ilé tí kọ́lẹ́ẹ̀jì fún un gbé. Bí wọ́n bá lé e, tilé tiṣẹ́ ló lọ nìyẹn.

Morádékẹ́ fọ ọwọ́, ó tún gèlè wé, ó lọ.

Àwọn mẹ́ta ló bá níbẹ̀. Àlùfáà Òjẹ́wándé ni alága, ọkùnrin gbẹ̀ǹgbẹ̀ tó jẹ́ pé àga méjì ló yẹ kó máa jókòó sí. Alàgbà Akínlòtán ni akápò. Arábìnrin Ìyùnadé ni akọ̀wé, ohun gbogbo ló máa ń kọ sílẹ̀. Bí o bá sín, yóò kọ ọ́. Wọ́n kọrin mẹ́ta. Lẹ́yìn náà ni akọ̀wé ṣí ìwé òfin, ó kà á sókè:

"Olùkọ́ tuntun yóò wà nínú ìdánwò fún ọdún kan. Ìgbìmọ̀ ni yóò ṣètò ìdánwò náà. Ẹni tó bá yege, a ó gbà á síṣẹ́ títí. Ẹni tí kò bá yege, kí ó máa lọ ní àlàáfíà."

"Ọdún mélòó ló ti lò?" Morádékẹ́ bi wọ́n.

"Mẹ́ta."

"Ta ló dán an wò?"

Akọ̀wé ṣí ìwé òfin síwájú, ó tún ṣí i sẹ́yìn.

"Ẹ̀yin lẹ ò ṣe iṣẹ́ yín, òun lẹ wá fẹ́ lé. Ẹ buwọ́ lùwé fún ọkùnrin yìí, ká máa lọ sílé."

"A ò lè ṣe bẹ́ẹ̀, Ìyá Ọlọ́yà," ni alága wí. "Òfin ni òfin. Ó gbọ́dọ̀ rí ìdánwò."

Ẹ gbọ́, àwọn tó kọ òfin yẹn, ohun tí wọ́n ní lọ́kàn ni kí a fi ọdún kan wo ọwọ́ rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Ṣùgbọ́n wọ́n ti kú, kò sì sẹ́ni tó lè bi òkú. Ìdánwò méjì péré làwọn tó kù mọ̀: èyí tí ọmọ ilé-ìwé ń jókòó ṣe, àti èyí tí wọ́n ń bẹ Ọlọ́run nínú àdúrà pé kó má fà wọ́n sínú rẹ̀.

Akínlòtán ní kí wọ́n jẹ́ kó jókòó ṣe ti ìwé.

"Ìṣirò ló mọ̀," Morádékẹ́ ní. "Ta ni nínú yín tó máa máàkì rẹ̀?"

Gbogbo wọn gbójú sókè, wọ́n ń wo àjà. Lọ́dún tó kọjá, Olùkọ́ Adégoróyè yìí náà ló bá akápò tún ìṣirò rẹ̀ ṣe, kí wọ́n tó rí i pé kọ́lẹ́ẹ̀jì ò jẹ gbèsè.

"Ó ku ti Bíbélì nìyẹn," ni alága wí. Ó na ìka sókè. "Ebi ń pa Olúwa wa ní aginjù nígbà tí a dán an wò. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni ọ̀sẹ̀ ààwẹ̀ wa. Òfin sọ pé òṣìṣẹ́ tàbí ọmọ ìgbìmọ̀ tó bá fi nǹkan kan ẹnu kí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ tó lù, ipò rẹ̀ bọ́, àfi ìdílé onílẹ̀ nìkan. A ó gbé ẹran síwájú Olùkọ́ lọ́sàn-án gangan. Àwa yóò sápamọ́, a ó máa wò ó."

"Ẹ dákun," Morádékẹ́ ní, "ní aginjù yẹn, ta ló dán Olúwa yín wò?"

Gègé akọ̀wé dúró.

"Má kọ ìyẹn sílẹ̀," ni alága wí.

Wọ́n dìbò. Ẹni mẹ́ta gbà, ẹnì kan kọ̀. Bí wọ́n ti ń dìde ni alága bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ìyá Ọlọ́yà, ọ̀yà kan ti tó fún ọjọ́ Ajé."

"Ẹgbẹ̀rún méjìlá. Ta ló máa sanwó?"

"Kọ́lẹ́ẹ̀jì ni."

"Kọ́lẹ́ẹ̀jì ò lọ́wọ́ tó fi ń kawó. Ta ni?"

"Ẹ fi í sọ́kàn ná."

Ọjọ́ tí ọkọ rẹ̀ ti kú ni wọ́n ti ń ní kó fi nǹkan sọ́kàn. Ọkàn ò ṣeé ná lọ́jà. Ṣùgbọ́n bí kò bá gbé ẹran sílẹ̀, wọ́n á ní Olùkọ́ ò rí ìdánwò, wọ́n á lé e. Ó gbé e sílẹ̀.

Lọ́jọ́ Ajé, wọ́n gbé abọ́ ọ̀yà olóbẹ̀ ata sórí tábìlì Olùkọ́ ní yàrá àwọn olùkọ́. Igun kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń fi aṣọ àwọn akọrin kọ́ sí, kọ́tìnì sì bò ó. Ẹ̀yìn kọ́tìnì yẹn ni gbogbo ìgbìmọ̀ há sí. Morádékẹ́ rí àpótí kan, ó fìdí lé e, orúnkún ń dùn ún.

Olùkọ́ wọlé. Ó rí ẹran. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó gbé itọ́ mì. Ó fi ìwé bo abọ́ nítorí eṣinṣin, ó kọ ọ́ sí bébà pé, "Ẹni tó ni ẹran yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá gbé e o," ó mú ẹfun rẹ̀, ó lọ sí kíláàsì.

"Ó yege," Morádékẹ́ ní. Ó ti dìde.

"Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta la dán Olúwa wò," ni alága dáhùn. "Ó ku méjì. Akápò, gbé ẹran yẹn pamọ́."

Nígbà tí aago mẹ́fà lù, egungun orí nìkan ló kù nínú abọ́.

"Ológbò ni," ni Akínlòtán wí.

Akọ̀wé kọ ọ́ pé ológbò ni. Kò sí ológbò ní kọ́lẹ́ẹ̀jì yẹn rí.

Lọ́jọ́ kejì, ọ̀yà kejì. Ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlélógún ti wà lọ́kàn Morádékẹ́. Olùkọ́ wọlé, ó ka bébà tó kọ lánàá, ó mi orí. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé abọ́ náà, ó dorí kọ ọ́fíìsì alága, nítorí ìwé òfin ní ohunkóhun tí òṣìṣẹ́ bá rí he, kó gbé e fún alága.

Alága sì rèé lẹ́yìn kọ́tìnì! Ojú fèrèsé ẹ̀yìn ló gbà jáde. Ìdí rẹ̀ há síbẹ̀. Akínlòtán tì í, akọ̀wé tì í. Ó já bọ́ sínú òdòdó, ó sáré yí ilé po, ó sì ti jókòó sórí àga rẹ̀ tó ń gbọn ewé kúrò lórí kí Olùkọ́ tó kanlẹ̀kùn.

"Olúwa yóò bù kún ọ, ọmọ mi. Fa ilẹ̀kùn ti bí o bá ń jáde."

Ilẹ̀kùn yẹn wà ní títì fún wákàtí kan gbáko. Nígbà tó ṣí, abọ́ náà mọ́ débi pé Sàráyì ní òun ò rí ohun tí òun fẹ́ fọ̀.

"Mo fi ta àwọn aláìní lọ́rẹ," ni alága wí.

"Aláìní náà fi ata sí kọ́là aṣọ yín, Bàbá Alága."

"Ìyá Ọlọ́yà, ojú yín mú jù."

Ọjọ́ kẹta ló le jù. Akọ̀wé ní ẹran nìkan kò tó ìdánwò, ó gún iyán kún un, funfun báláú. Wọ́n gbé e kalẹ̀, wọ́n wọ ẹ̀yìn kọ́tìnì, wọ́n ń retí Olùkọ́. Olùkọ́ ò dé. Ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ ló pẹ́ sí. Òórùn iyán ń wọlé sínú aṣọ akọrin. Ikùn Akínlòtán ké bí ẹ̀rọ tó ń lọ ata.

"Ẹ gbọ́," ó ní, "ẹ wò ó, bí ọbẹ̀ yẹn ò bá níyọ̀ ńkọ́? Ohun tí kò dùn ò lè jẹ́ ìdánwò."

"Òótọ́ ọ̀rọ̀," ni alága wí. "Ó yẹ kí ìgbìmọ̀ ṣàyẹ̀wò. Àyẹ̀wò ni o, kì í ṣe jíjẹ."

"Ṣé kí n kọ ọ́ sílẹ̀?" ni akọ̀wé bi í.

"Sọ gègé yẹn sílẹ̀, wá ṣàyẹ̀wò!"

Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rọ́ jáde. Òkèlè àkọ́kọ́ jẹ́ ti iyọ̀. Ìkejì jẹ́ ti ata. Ti ìkẹta, wọn ò wá àwáwí kankan mọ́. Wọ́n ti ń jà sí itan ọ̀yà nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí gbayawu. Olùkọ́ Adégoróyè ló dúró níbẹ̀, ogún ọmọ tó wá kó ìwé wọn tò sẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ohun tí ìyá ẹni bá kọ́ ẹnu láti kékeré, ẹnu kì í dúró gbàṣẹ kó tó sọ ọ́. Ẹni tó bá bá ọ nídìí oúnjẹ, o gbọ́dọ̀ pè é. Iyán kún ẹnu alága, ẹnu náà là fúnra rẹ̀:

"Olùkọ́, ẹ wá jẹun o!"

Olùkọ́ dọ̀bálẹ̀. "Ẹ ṣeun, sà. Á gba ibi ire o. Ààwẹ̀ ni mo wà."

Ìgbà náà ni Morádékẹ́ jáde lẹ́yìn kọ́tìnì, jẹ́jẹ́, pẹ̀lú àárẹ̀ ọdún mẹ́fà.

"Akọ̀wé, gbé gègé rẹ. Kọ ọ́ pé Alága fẹnu ara rẹ̀ pè é síbi ọ̀yà lọ́sàn-án ààwẹ̀, lójú ogún ọmọ, ó sì kọ̀. Bàbá Alága, ìdánwò nìyẹn àbí kì í ṣe ìdánwò?"

Alága gbé iyán mì. "Ìdánwò ni."

"Ó yege?"

"Ó yege."

"Ipò tó ń bọ́ nítorí ààwẹ̀ ńkọ́? Ṣé ká kọ ìyẹn náà sílẹ̀?"

Wọn ò kọ ọ́. Kíá ni wọ́n mú ìwé ìgbanisíṣẹ́ Olùkọ́ jáde, alága ò ráyè fọ ọwọ́. Ìwé yẹn wà nílé Olùkọ́ dòní, àtàǹpàkò epo pupa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ alága bí òǹtẹ̀ ìjọba.

"Ó ku ẹgbẹ̀rún mẹ́rìndínlógójì mi," Morádékẹ́ ní.

Akápò sún sẹ́yìn. "Kò sí ọ̀yà nínú ètò ìnáwó ọdún yìí, Ìyá. Kọ́lẹ́ẹ̀jì..."

"Kọ́lẹ́ẹ̀jì ò lẹ́nu. Ẹnu mẹ́ta ni mo rí tó ń jẹ."

"Ẹgbẹ̀rún méjìlá-méjìlá ni, Mọ́mì," ni Olùkọ́ sọ jẹ́ẹ́. Ó ti bá a pín in, láìgba kọ́bọ̀.

Akọ̀wé san tirẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Akápò san tirẹ̀ bí ẹni tó ń fa eyín ara rẹ̀. Alága ní kó fi tòun sọ́kàn.

"Ọkàn mi ti kún," Morádékẹ́ ní. Ó bá a dé ọ́fíìsì, ó jókòó sórí àga tí ń bẹ lẹ́nu ọ̀nà, ó bọ́ bàtà. Alága kọ orin méjì, ó rò pé Morádékẹ́ yóò gbà pé ìpàdé ti parí. Obìnrin náà kò mira. Nígbà tó yá, alága ṣí dúrọ́ọ̀ tábìlì rẹ̀, ó ń ka owó náà sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ìyá Ọlọ́yà," ó ní, "ẹ̀yin lẹ yan ẹran yìí. Ẹ̀yìn kọ́tìnì kan náà la jọ wà fọ́jọ́ mẹ́ta. Báwo ni kò ṣe wọ̀ yín lójú?"

Morádékẹ́ gba èyí tó kẹ́yìn, ó pé. Ó so ó mọ́ etí ìró.

"Mo ti jẹ ẹ̀bà kí n tó wá, Bàbá Alága. Ẹni tí yóò dán ọmọnìkejì wò, kó kọ́kọ́ jẹun yó."