Òyìnbó Tó Gbé Ṣọ́bìrì Lọ Sóko Ọdẹ

Ojú mi méjèèjì yìí ni mo fi rí gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ. N ò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni, n ò sì mutí lọ́jọ́ náà. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó wá bá mi ní Ìlọ́fà. Ọjọ́ kan péré ni o, ṣùgbọ́n títí wọn yóò fi gbé mi sin, kò ní kúrò lọ́kàn mi.

Géńdé ọkùnrin ni mí nígbà náà. Ìwé mẹ́fà ò pé lórí mi, àmọ́ láti Obbo-Ayégúnlẹ̀ títí dé Ìdọ̀fin, kò sí ẹni tó lè gun alùpùpù bíi tèmi. Ìdí nìyẹn tí Mísítà Dọ́nù, òyìnbó ará Kánádà tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní sáyẹ́ǹsì nílé ìwé girama, fi gbà mí pé kí n máa gbé òun kiri, kí n sì máa pọnmi. Àgbàlagbà ni, orí rẹ̀ ti funfun. Yorùbá tó gbọ́ ò tó nǹkan, "ẹ" ló sì fi ń bá gbogbo ayé sọ̀rọ̀. Ajá mi pàápàá, "ẹ jókòó" ló ń wí fún un.

Lọ́jọ́ kan tí òjò sé wa mọ́lé, ó sọ fún mi pé òun ti ja ogun Jámánì. Ó ní òun ò yọ̀ǹda ara òun. Inú oko bàbá òun lòun wà tí ìjọba fi tipátipá mú òun wọṣẹ́ ológun, àwọn tó sì yọ̀ǹda ara wọn a máa fi irú àwọn ṣẹlẹ́yà. Wọ́n kó wọn sọdá òkun, ó di inú ẹrọ̀fọ̀ àti òtútù. Mo bi í pé èèyàn mélòó ló pa. Ó wò mí lójú, ó ní kí n lọ bá òun wo iṣu tó wà lórí iná.

Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Irú ogun wo nìyẹn? Mo bá bá a tún un ṣe. Níbi tí a ti ń mu ẹmu, mo sọ fún wọn pé ọ̀gá mi nìkan ló kó odidi abúlé Jámánì lẹ́rú, pé ọta ìbọn kì í wọ̀ ọ́ lára. Kò pẹ́ rárá, Balógun ni gbogbo wọn ń pè é. Òun rò pé bí wọ́n ṣe ń kí olùkọ́ nìyẹn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni pé Bàbá Bọ́sẹ̀, olórí ọdẹ, fẹ́ sun igbó ẹ̀gbẹ́ oko rẹ̀ kí wọ́n lè pa ọ̀yà. Bọ́sẹ̀ ọmọ rẹ̀ ni mo fẹ́ fi ṣaya, ó sì ti pẹ́ tí mo ti ń bẹ bàbá náà. Ó wá ní, "Mú Balógun rẹ wá lọ́jọ́ Sátidé. Ìwọ náà, n ó máa wò ọ́. Tí mo bá rí i pé ọkùnrin ni ọ́, a ó jọ sọ̀rọ̀."

Mo lọ yá ìbọn fún Mísítà Dọ́nù. Ó ní láéláé, òun ò ní fọwọ́ kan ìbọn mọ́. Ṣọ́bìrì ló gbé kọ́ èjìká, èmi ni mo wá gbé ìbọn náà. Ojú tì mí débi pé mo fẹ́ sọ fún wọn pé ìbọn òyìnbó nìyẹn. Àwọn ọdẹ bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wọn bi mí bóyá sàárè ló fẹ́ gbẹ́ fún àwọn ọ̀yà.

Àwa mẹ́sàn-án la lọ. Ọgbà iṣu Bàbá Bọ́sẹ̀ wà lẹ́yìn wa, gbogbo iṣu tó wà fún jíjẹ àti fún gbígbìn lọ́dún náà ló tò síbẹ̀. Bàbá ní kí ẹnikẹ́ni má ṣáná títí afẹ́fẹ́ ọyẹ́ yóò fi rọlẹ̀. Mísítà Dọ́nù ní tirẹ̀ ń ha koríko kúrò nílẹ̀ níwájú ọgbà iṣu, ó sì ń gbẹ́ yàrà síbẹ̀.

Èmi ni mo ṣáná. Mo rò ó pé bí Bàbá bá rí i pé iná ò bà mí lẹ́rù, ọ̀rọ̀ Bọ́sẹ̀ ti bùṣe. Mo ní Balógun ló ní ká bẹ̀rẹ̀. Balógun ò sì sọ bẹ́ẹ̀ rárá. Ìṣáná kan ṣoṣo ni o. Koríko gbígbẹ gbà á, afẹ́fẹ́ yí padà, iná sì kọjú sí wa bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́.

Ìgboyà mi gbé mi gun igi mángòrò, ìbọn tí mo yá sì kù sínú koríko nísàlẹ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín, mo fẹ́ rí ojú ogun náà dáadáa ni. Àwọn tàǹpẹ́pẹ́ ti ń gbé orí igi yẹn tẹ́lẹ̀, wọ́n sì wọ inú ṣòkòtò mi láì tọrọ àyè. Ìsàlẹ̀ ń jó, òkè ń ta.

Ìgbà náà ni mo gbọ́ ohùn kan tí n ò gbọ́ rí. Mísítà Dọ́nù ni. "Ẹ wọ yàrà! Gbogbo yín, ẹ dojú bolẹ̀!" Àwọn tó ń fi ṣọ́bìrì rẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀ ló kọ́kọ́ bẹ́ sínú yàrà náà. Ó sáré wá sídìí igi, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ̀ kalẹ̀." Mo ní n ò lè sọ̀. Ó fa ṣòkòtò mi. Ṣòkòtò kọ́kọ́ sọ̀, èmi tẹ̀lé e. Ó wọ́ mi dé inú yàrà, ó da erùpẹ̀ bò mí, ó sì fi ara rẹ̀ lé mi lórí. Iná dé ibi tí kò ti rí koríko jẹ mọ́, ó kùn, ó kú. Díẹ̀ ló fò kọjá, tó sì jó igun kan lára ọgbà iṣu.

Bí èéfín ṣe ń lọ sílẹ̀, Mísítà Dọ́nù dìde, ó ń nàka sí wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Mẹ́jọ. Ó tún wa kà. Mẹ́jọ. Ó gbé ṣọ́bìrì, ó kọjú sínú èéfín, ó ní ẹnì kan ṣẹ́ kù síbẹ̀. Bàbá Bọ́sẹ̀ di apá rẹ̀ mú, ó sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé, "Balógun, ẹ̀yin ńkọ́? Ẹ ò tíì ka ara yín."

Òyìnbó jókòó sórí erùpẹ̀ tó gbẹ́. Ó ní lójú ogun, àwọn méje làwọn jọ sùn sínú ihò kan. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, òun ka àwọn ẹlẹgbẹ́ òun, òun rí méjì péré tó yè. Láti ọjọ́ náà, òun kì í rántí ka ara òun. Kò sí ọdẹ tó rẹ́rìn-ín. Omi bọ́ lójú èmi náà, ṣùgbọ́n èéfín ni.

N ò bá a tún ogun rẹ̀ ṣe mọ́. Èyí tí ọkùnrin yẹn jà gan-an tóbi ju gbogbo irọ́ mi lọ. Ní ti Bàbá Bọ́sẹ̀, ó ní irú èmi yìí, àfi kí n ní ìyàwó tí yóò máa gba ìṣáná lọ́wọ́ mi. Bọ́sẹ̀ ló wà nílé mi títí dòní. Bó bá rántí ṣòkòtò yẹn, yóò rẹ́rìn-ín títí yóò fi wá ibi jókòó. Èmi náà a bá a rẹ́rìn-ín, kí ni mo tún fẹ́ ṣe?

Ohun tí a pàdánù lọ́jọ́ náà nìyí: ogójì iṣu, ìbọn kan tí mo yá, ṣòkòtò mi kan ṣoṣo tó dáa, àti gbogbo irun ìpéǹpéjú mi. Ọ̀yà, a ò pa kankan. Èèyàn mẹ́sàn-án ló lọ. Mẹ́sàn-án ló bọ̀.