Ọjọ́ tí Pósí Màmá Rábẹ́kà Sáré

"Rọra tẹ̀ ẹ́ o. Má jẹ́ kí n sáré."

Ohun tí Ìbídùnní, ìyàwó mi, bá mi sọ kẹ́yìn nìyẹn. Nọ́ọ̀sì tó dúró tì wá rò pé ibà ló ń sọ̀rọ̀. Mo rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín, ó sì pa ojú dé.

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó yìí, ta ló mọ ohun tó mú kí àwọn àgbà Òkè-Ọ̀pẹ máa wí pé ìkánjú akọ́ṣẹ́ ló ń mú òkú sáré? Wọ́n máa ń sọ ọ́ fún ẹni tó ń kọ́ kẹ̀kẹ́. Wọ́n máa ń sọ ọ́ fún ọmọ iṣẹ́ tó fẹ́ ṣe fíríìdọ̀mù kó tó mọ abẹ́rẹ́ dì mú. Àlejò á máa wò wọ́n. Òkú wo ló ń sáré?

Òkú kan sáré. Èmi àti Ìbídùnní wà níbẹ̀.

Nígbà náà, dùùrù kan ṣoṣo ló wà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ó ní ẹwìrì nínú bíi ti alágbẹ̀dẹ. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń fẹ́ ẹ, ọwọ́ ni wọ́n fi ń tẹ eyín rẹ̀. Tí ẹsẹ̀ bá rọra, ohùn rẹ̀ á máa ṣàn bí epo. Tí ẹsẹ̀ bá kánjú, á máa mí hẹlẹhẹlẹ bí ajá ọdẹ. Bàbá Josáyà ló ń tẹ̀ ẹ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e dé. Làkúrègbé wá mú bàbá náà lọ́wọ́, ìka rẹ̀ kò ká dáadáa mọ́.

Fílímónì télọ̀ ló jáde pé òun fẹ́ kọ́ ọ. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, àfi nídìí màṣíìnì. Bí ọdún bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, tí aṣọ oníbàárà kún ilẹ̀, ńṣe ni àwọn èèyàn máa ń dúró lójú ọ̀nà kí wọ́n lè wo ẹsẹ̀ Fílímónì. Láti kékeré ló sì ti ń wo ìjókòó dùùrù yẹn bí ẹni ń wo ẹran nínú ìkòkò ẹlòmíràn.

Bàbá Josáyà gbé ẹkùrọ́ lé e lẹ́yìn ọwọ́ méjèèjì. Ó ní kó máa tẹ̀ ẹ́, kí ẹkùrọ́ má ṣe jábọ́. Tó bá jábọ́, kó padà sí ìbẹ̀rẹ̀ orin. Ọwọ́ ọ̀tún nìkan ló kọ́kọ́ jẹ́ kó lò, lẹ́yìn náà ọwọ́ òsì nìkan. Fílímónì bi í pé ìgbà wo ni òun máa bẹ̀rẹ̀ sí í yára.

"A kì í wá eré lọ," ni Bàbá Josáyà wí. "Tí ọwọ́ bá ti tọ́, eré á wá a wálé."

Fílímónì ní òun gbọ́. Kò gbọ́. Nígbà tó délé, ó mú ṣọ́ọ̀kì tó fi ń sàmì sí aṣọ, ó ya eyín dùùrù sórí tábìlì màṣíìnì rẹ̀. Ó yọ bẹ́líìtì kí abẹ́rẹ́ má baà rìn. Ó wá gbé ẹsẹ̀ lé pẹ́dà, ó ń fi ìka tẹ ṣọ́ọ̀kì, ẹsẹ̀ ń lọ wìrìwìrì nísàlẹ̀. Kò sí ohùn tí yóò sọ fún un pé ó ṣì í tẹ̀. Kò sí ẹkùrọ́ tí yóò jábọ́. Inú rẹ̀ dùn. Kò mọ̀ pé ẹsẹ̀ òun ló ń kọ́ ọwọ́ òun.

Àwa akọrin máa ń gba ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kọjá. Ní ìrọ̀lẹ́ kan, Ìbídùnní yọjú sí i lójú fèrèsé. Ọmọge ni nígbà náà, n kò tíì rí ọ̀rọ̀ kan bá a sọ.

"Bọ̀dá Fílímónì, ṣé orin lẹ ń rán ni àbí ṣòkòtò lẹ ń kọ?"

Fílímónì ní kó lọ tọ́jú ọ̀fun rẹ̀, pé àwọn jọ máa pàdé ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Kò pẹ́ tí Màmá Rábẹ́kà fi kú. Obìnrin yìí kò yára rí láyé rẹ̀. Ìgbà tí agogo ṣọ́ọ̀ṣì bá lù ló ń gbé omi ìwẹ̀ kaná. Tí a bá ti rí i lẹ́nu ọ̀nà, a ti mọ̀ pé ìwàásù parí. Kátíkísì pe ìpàdé, ó ní Fílímónì ni yóò tẹ dùùrù níbi ìsìnkú náà. Tó bá tẹ̀ ẹ́ dáadáa, ìjókòó di tirẹ̀. Tó bá bà á jẹ́, wọ́n á fi aṣọ bo dùùrù, kí ìjọ máa fi ẹnu lásán kọrin bíi ti àtijọ́.

Bàbá Josáyà bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fún ọmọ náà láyè díẹ̀ sí i. Fílímónì ló dá a lóhùn pé òun ti mọ̀ ọ́n.

"O mọ̀ ọ́n sáré," ni bàbá náà wí. "Ṣé o mọ̀ ọ́n rìn?"

Ẹ jẹ́ kí n sọ àṣà wa fún yín kí ẹ lè mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe di rúdurùdu. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, dùùrù ni àwọn tó gbé pósí fi ń mọ ìrìn. Ibi tí orin bá tẹ̀ ni ẹsẹ̀ ń tẹ̀. Láti ẹnu ilẹ̀kùn títí dé ibojì tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, wọn kò gbọdọ̀ dúró, wọn kò sì gbọdọ̀ sọ pósí kalẹ̀, àfi tí dùùrù bá ṣe Àmín.

Ẹsẹ orin àkọ́kọ́ dára. Wọ́n gbé màmá náà jáde bí ìgbà tí pẹ́pẹ́yẹ bá ń lọ sódò. Nínú ẹsẹ kejì, òógùn bọ́ sí Fílímónì lójú, ẹ̀rù sì bà á. Bí ẹ̀rù ti bà á ni ẹsẹ̀ rẹ̀ bá rántí ọdún Kérésì.

Dùùrù bẹ̀rẹ̀ sí í mí hẹlẹhẹlẹ. Ọwọ́ ń lé ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ ń lé ọwọ́. Àwa akọrin ń sáré kọrin tẹ̀ lé e, a kò ráyè mí. Níta, àwọn tó gbé pósí fi ìrìn sílẹ̀, wọ́n bọ́ sí sáásáá, wọ́n bọ́ sí eré.

Wọ́n dé ibojì, wọn kò tíì gbẹ́ ẹ tán. Ẹni tó ń gbẹ́ ẹ mọ ìwà Màmá Rábẹ́kà, ó gbà pé àyè ṣì wà. Ó jókòó sínú kòtò, ó ń jẹ àgbàdo sísun. Ó gbójú sókè, ó rí pósí tó ń sáré bọ̀ wá bá òun. Ó fi ṣọ́bìrì sílẹ̀, ó gba inú oko ẹ̀gẹ́ lọ. A kò rí i títí ọjọ́ kejì.

Dùùrù kò sì tíì ṣe Àmín. Olórí àwọn tó gbé pósí ní kí wọ́n má dúró, kí wọ́n yí ṣọ́ọ̀ṣì po.

Inú ìlà akọrin ni mo wà. Mo rí pósí tó kọjá lójú fèrèsé. Ìbídùnní fi ìgùnpá gbá mi.

"Màmá Rábẹ́kà ti kọjá."

À ń kọrin lọ. Láìpẹ́, ó tún gbá mi.

"Wọ́n tún ti ń bọ̀."

Àlùfáà ló tẹ̀ lé wọn, ó ká ẹ̀wù sókè. Àwọn ọmọ olóòkú tẹ̀ lé e, àwọn ìyá ìjọ di gèlè mú, òbúkọ kan tí kò bá ẹnikẹ́ni tan níbẹ̀ sì ń sáré lẹ́yìn wọn.

Kátíkísì ń juwọ́ sí Fílímónì pé kó dúró. Fílímónì ń mi orí, ó ń bá a lọ. Télọ̀ kì í dúró láàárín ojú rírán. Bàbá Josáyà ló dìde, ó ti ọ̀pá lọ bá a, ó bẹ̀rẹ̀, ó sọ sí i létí.

"Fílímónì, òwú já."

Ẹsẹ̀ méjèèjì gbéra lẹ́ẹ̀kan náà. Dùùrù mí kanlẹ̀, ó dákẹ́. Níta, pósí dúró gbọnrangandan, òbúkọ sì fi orí sọ àlùfáà ní ìdí.

Gbogbo wa jáde. Fílímónì ń sunkún. Ó mọ̀ pé ìjókòó ti lọ, pé aṣọ ni wọ́n máa fi bo dùùrù. Kátíkísì ti ń wá ohun tó máa sọ. Àkọ́bí olóògbé di orúnkún mú, ó ń mí.

"Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí màmá mi," ló wí, "òní ló kọ́kọ́ dé ibì kan kí wọ́n tó múra tán."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ta ni yóò wá bínú? Bàbá Josáyà wo pósí, ó wo Fílímónì, ó ní kí a má bá òkú wí, ìkánjú akọ́ṣẹ́ ló mú un sáré. Ibẹ̀ ni òwe ti bẹ̀rẹ̀.

Wọn kò bo dùùrù. Wọn kò sì fún Fílímónì ní ìjókòó. Ó nu ṣọ́ọ̀kì kúrò lórí tábìlì, ó padà sí ẹkùrọ́. Nígbà tí Bàbá Josáyà fúnra rẹ̀ kú, Fílímónì ló tẹ orin rẹ̀. Wọ́n rọra gbé bàbá náà lọ débi pé eruku kò sọ.

Èmi àti Ìbídùnní jọ rìn wálé lọ́jọ́ òkú tó sáré yẹn. A kò lè sọ̀rọ̀ fún ẹ̀rín. Láti ìgbà náà la ti jọ ń rìn. Tí àlejò bá wá, Ìbídùnní á sọ ìtàn náà, á gbé ọmọrí ìkòkò lé èjìká, á sáré yí pálọ̀ po.

Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, ìjọ ti ra dùùrù oníná. Wọ́n fún mi ní ti àtijọ́, mo ní mo fẹ́ kọ́ ọ. Ìbídùnní ló wá ẹkùrọ́, òun ló ń gbé e lé mi lọ́wọ́. Tí mo bá kánjú, á pè mí láti ilé ìdáná: "Pósí ti kọjá o."

Ọwọ́ mi kò tíì tọ́ nígbà tó lọ. Fílímónì, tí orí rẹ̀ ti funfun, ló bá mi tẹ orin ìsìnkú rẹ̀. Kò sáré.

Àwọn ọmọ ní ó yẹ kí n ti máa ṣe nǹkan. N kò tíì dá aṣọ akọrin rẹ̀ padà. N kò tíì kó bàtà rẹ̀ kúrò lẹ́nu ọ̀nà. N kò tíì sùn sí àárín bẹ́ẹ̀dì. N kò tíì mọ ẹsẹ kejì orin náà. N kò tíì gbé ẹkùrọ́ lé ọwọ́ ara mi.

Ẹ má kán mi lójú. Ìkánjú akọ́ṣẹ́ ló ń mú òkú sáré.