Adìẹ Kan Tó Ìyá Àgbà

Ẹ̀yin tí ẹ ti jókòó yìí, ta ló lè sọ ohun tó fà á tí àwọn àgbà fi ń wí pé, "Adìẹ kan tó ìyá àgbà; ẹ má so ó, ẹ má sì rà kún un"? Ẹ ò mọ̀ ọ́n, mo ti mọ̀ pé ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ṣówándé ló fà á, ọmọ tó fẹ́ràn ìyá rẹ̀ kọjá bó ṣe yẹ.

Ìyá rẹ̀, Màmá Àwẹ̀ró, ń ṣe àdìrẹ ní Ìtókò, l'Ábẹ́òkúta. Ó ti tó ẹni ọgọ́rin ọdún. Ìyẹ́ adìẹ àti ẹ̀kọ láfún ló fi ń ya àwòrán sára aṣọ kó tó rẹ ẹ́ sínú aró, ọwọ́ rẹ̀ kì í sì í gbọ̀n. Wàhálà kan ṣoṣo tó ní ni adìẹ pupa kan tí wọ́n ń pè ní Olójúkòkòrò. Bí màmá bá ti sá aṣọ sóòrùn báyìí, adìẹ á dé, á máa ṣa ẹ̀kọ ara aṣọ jẹ. Màmá á fa ìgbálẹ̀ yọ, á lé e yí ilé po, á máa ka gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti jáde nínú ẹyin. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún lójúmọ́ ni.

Àánú ìyá rẹ̀ ṣe Ṣówándé. Ó so adìẹ mọ́ ìdí igi ọsàn, ó ra àga tìmùtìmù, ó ní kí ẹnikẹ́ni má jẹ́ kí màmá gbé abọ́ lásán.

"Màámi, ẹ sinmi. Ẹ ti jìyà tó."

Màmá sinmi lóòótọ́. Kò pé oṣù méjì, ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ó ya ẹyẹ, ó di ewúrẹ́. Ó ya ewúrẹ́, kò sẹ́ni tó mọ ohun tó dà. Nígbà tó yá, ó da ẹ̀fọ́ sínú ìkòkò aró, ó sì rẹ fìlà Ṣówándé sínú ọbẹ̀. Ó wá di ọjọ́ kan, ó wo ojú ọmọ rẹ̀ sùn-ùn, ó ní, "Olójúkòkòrò, ṣé o ti jẹun?" Ṣówándé wọ yàrá lọ, ó sunkún.

Ó sáré tọ Nọ́ọ̀sì Fẹ́hìntọlá lọ. Nọ́ọ̀sì bi í pé kí ló yí padà nílé, Ṣówándé sì jẹ́wọ́ ọ̀rọ̀ adìẹ.

"Iṣan inú ọpọlọ ò yàtọ̀ sí ọdẹ àdúgbò," nọ́ọ̀sì wí. "Bí olè kékeré bá ń yọjú, ọdẹ á máa nu ìbọn rẹ̀. Bí nǹkan kan ò bá yọjú rárá, á sùn, ìbọn á dípẹtà. Lọ tú adìẹ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n..."

Ṣówándé ò dúró gbọ́ ṣùgbọ́n. Bí adìẹ kan bá lè ṣe tó báyìí, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ńkọ́? Ó ra mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó fi tòlótòló méjì lé e, ó fi òbúkọ kan ṣe jàárá fún ara rẹ̀. Ó tú gbogbo wọn àti Olójúkòkòrò sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ṣé ẹ ń fọkàn bá mi lọ? Tòlótòló tẹ ẹ̀kọ mọ́lẹ̀. Òbúkọ wọ aṣọ tútù jáde sí títì, ó ń yan bí olóyè. Màmá lé wọn yípo kan, ó lé wọn yípo kejì, nígbà tó di ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ó jókòó sílẹ̀ gbì, kò lè dìde mọ́. Gbígbé ni wọ́n gbé e wọlé.

Nọ́ọ̀sì dé, ó wo Ṣówándé tìkà-tẹ̀gbin. "Ohun tó kù tí o ò dúró gbọ́ nìyí: bí olè bá pọ̀ ju ọdẹ lọ, wọ́n á pa ọdẹ."

Ṣówándé kó ẹran àti ẹyẹ náà lọ, ó ku Olójúkòkòrò nìkan. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni màmá fi dùbúlẹ̀ láìsọ̀rọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹrin, adìẹ wọ yàrá, ó fò sórí bẹ́ẹ̀dì, ó sì ṣa ẹ̀kọ gbígbẹ tó wà léèékánná màmá jẹ.

Màmá la ojú kan. Ọwọ́ rẹ̀ wá ìgbálẹ̀ kiri. Adìẹ bẹ́ sílẹ̀, màmá tẹ̀ lé e, Ṣówándé sì na ọwọ́ méjèèjì dí ẹnu ọ̀nà, ó ń bẹ ìyá rẹ̀ pé kó rọra.

"Ṣówándé," màmá wí, "kúrò lọ́nà fún mi."

Ó ti pẹ́ tó ti gbọ́ orúkọ yẹn lẹ́nu ìyá rẹ̀ kẹ́yìn. Ó kúrò lọ́nà. Ẹ̀rín ń pa á, ẹkún ń gbọ̀n ọ́n.

Nígbà tí oṣù yẹn fi máa parí, màmá ya ẹyẹ, ẹyẹ náà sì jẹ́ ẹyẹ. Kérésì mẹ́ta kọjá lórí Olójúkòkòrò, kò sẹ́ni tó jẹ́ gbé ọ̀bẹ sún mọ́ ọn. Bí Ṣówándé bá sì rí ọmọ kankan tó ń wá okùn tó máa fi so adìẹ kiri nítorí ìfẹ́ ìyá rẹ̀, á gba okùn lọ́wọ́ onítọ̀hún, á ní: "Adìẹ kan tó ìyá àgbà, ẹ má so ó, ẹ má sì rà kún un."